Láti Ìgàndò Dé Òkè Ìdànrè: Ẹsẹ̀ Wa Lórí Òkúta Tí Iná Bí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, orí òkè ló parí sí, ṣùgbọ́n yàrá ìdáná wa ní Ìgàndò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní tíṣà bi àwọn nínú kíláàsì pé níbo ni òkúta ti ń wá. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní inú típà ni.

Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun kò rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà rò ó. Àwa òbí rẹ̀ ni a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, a wo ara wa lójú. Níbo ni ọmọ tí a bí sí Ìgàndò yóò ti rí òkúta tí ń bẹ nínú ilẹ̀? Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní àdúgbò wa mọ ohun tí a ń wí. Ilẹ̀ pupa ni yóò kọ́kọ́ kàn, yóò kan amọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà iyanrìn, iyanrìn títí omi yóò fi yọ. Kò ní fi ọkọ́ kan àpáta. Gbogbo Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, orí iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ láti ayébáyé ni ó jókòó lé, àpáta sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà. Òkè kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ wa mọ̀ ni òkè ààtàn Solous lẹ́bàá títì tó ti LASU lọ sí Ìṣẹ́rì, ìyẹn kì í sì í ṣe òkè tí ènìyàn ń gbàdúrà láti gùn.

Kí á má fi ọ̀rọ̀ gùn, ọmọ náà kò purọ́. Òkúta tí wọ́n ń dà sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń kọ́lé ní àdúgbò wa, ibi ìfọ́ òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, típà ló sì ń gbé e wá. Ibi tí típà ti lọ gbé e ni ọmọ wa kò mọ̀.

Màmá wà nílé wa lọ́jọ́ náà. Màmá yìí ló bí ìyàwó nínú àwa méjèèjì tí ń kọ ìwé yìí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọmọ Ìdànrè ni ìyá tó bí wọn, orí òkè gan-an ni wọ́n sì bí ìyá náà sí, kí àwọn ará ìlú tó kó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà lónìí. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra wọn kò gun òkè náà rí. Òwò ló gbé wọn wá sí Èkó nígbà èwe, ọjà àti ọmọ títọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè padà. Wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀, wọ́n ní, "Bí ẹ bá fẹ́ fi òkúta han ọmọ yìí, ẹ mú un lọ sí ìlú ìyá mi. Kí ẹ sì mú èmi náà dání, kí orúnkún mi tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Kò tó ọjọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ yìí fi dé etí àbúrò Màmá ọkùnrin. Bàbá náà pè wá lórí fóònù, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí a kí wọn tán. "Òkè wo lẹ fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi gùn? Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́hùn-ún, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wá sọ fún mi bí ó ti jẹ́." A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, lórí fóònù náà. A ní a ti gbọ́, sà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lọ́kàn wa.

Nínú ìjọ pẹ̀lú, ìyá kan tí a bọ̀wọ̀ fún fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣé a kò mọ̀ pé ibi òrìṣà ni orí àwọn òkè wọ̀nyí ni? A kò bá wọn jiyàn. Ojúbọ wà lórí òkè Ìdànrè lóòótọ́, ó wà ní Olúmọ, ó sì wà lórí ọ̀pọ̀ òkè nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n orí òkè Ìdànrè kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé ìwé sí ní 1896. A ní ilé ìwé náà ni a fẹ́ lọ wò, àti ilé tí wọ́n bí ìyá Màmá sí. Ìyá náà gbàdúrà fún wa, wọ́n sì ní kí a mú òróró dání. Róòbù ni a mú, fún orúnkún Màmá.

BÍ ÒKÈ NÁÀ BÁ YỌNÁ ŃKỌ́?

Ọmọ wa ni kò jẹ́ kí a sinmi. Ó ti rí òkè ayọnáyèéfín nínú tẹlifíṣọ̀n, bí àpáta yíyọ́ ti ń ṣàn pupa rẹ̀rẹ̀ tí ó ń jó igi lọ, ó sì ń bi wá pé bí òkè Ìdànrè bá yọná nígbà tí a bá wà lórí rẹ̀ ńkọ́? A kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rín lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á ní ti tòótọ́, kò sùn dáadáa fún òru méjì. A mú un lọ bá arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ẹ ó kà báyìí, ẹnu rẹ̀ àti inú ìwé tó yá wa ni a ti rí i.

Ó ní kí a má bá ọmọ náà wí, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ní 4,095 mítà, wà lẹ́bàá òkun kan náà tó wà lẹ́nu ọ̀nà Èkó. Ó yọná ní 1922, ó yọná ní 1959, ní 1982, ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Ní 1999, àpáta yíyọ́ ṣàn gba inú igbó wá sísàlẹ̀, ó sì dí títì mọ́ àwọn ènìyàn nítòsí ìletò Bakingili, kò ṣẹ́kù púpọ̀ kí ó dé òkun kí ó tó dì. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ gun òkè náà láti ìlú Buea, wọ́n tilẹ̀ ń sáré ìdíje lórí rẹ̀.

Èyí tó pa ènìyàn jù ní Kamẹrúùnù kò yọná rárá. Omi ni. Adágún Nyos wà ní ojú ihò òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù August, 1986, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ti ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ adágún náà tú jáde lójijì. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, nítorí náà kò fò lọ sókè. Ó ṣàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì bí àgbàrá, ó sì bá àwọn ènìyàn nínú ilé wọn. Àwọn tó kú lé ní 1,700, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù. Láti 2001 ni wọ́n ti ki páìpù gígùn bọ ìsàlẹ̀ adágún náà, kí afẹ́fẹ́ yìí lè máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Ní Nàìjíríà tiwa, àwọn òkè tó yọná láyé àtijọ́ wà ní ìhà Panyam ní ìpínlẹ̀ Plateau, wọ́n sì wà ní Biu ní ìpínlẹ̀ Borno. Koríko ti bò wọ́n, àgbẹ̀ sì ń dáko lẹ́sẹ̀ wọn, nítorí ilẹ̀ tó ti ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ wá máa ń lọ́ràá.

Ọmọ wa ní, "Ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́, sà?"

Arákùnrin náà ní kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan nílẹ̀ Yorùbá. Ó wá bi í pé, "Ṣé o ti rí màmá rẹ nígbà tí wọ́n bá ń ro ẹ̀kọ?" Ó ní òun ti rí i. "Èyí tó bá ta sílẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ ní kíá ló máa ń dì. "Èyí tó wà nínú ìkòkò tí wọ́n dé ńkọ́?" Ọmọ ní ìyẹn máa ń pẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta. Àpáta yíyọ́ tó bá jáde sí gbangba yóò tètè dì, yóò dúdú, yóò sì kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí hóró inú rẹ̀. Irú èyí ni òkúta Biu àti ti òkè Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n èyí tó di òkè Ìdànrè kò jáde rárá. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sísàlẹ̀, ló dì sí bí ẹ̀kọ inú ìkòkò, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tutù. Nítorí pé kò kánjú, àwọn hóró inú rẹ̀ ráyè dàgbà, ojú lásán ni a sì fi ń rí wọn: funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú tó ń dán. Òun ni à ń pè ní gíránáìtì. Òjò àti ọ̀gbàrá ló wá ń ṣí ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, títí òkúta náà fi yọrí sí ìta.

Ó ní ó tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Èròjà kan wà nínú hóró òkúta tó máa ń yí padà sí òjé díẹ̀díẹ̀, kò yára, kò falẹ̀. Iye tó ti yí padà ni wọ́n fi ń ṣírò ọdún. A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò di ojú pọ̀ níbi iye ọdún yìí. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí kàlẹ́ńdà. Ohun tí ọmọ wa fẹ́ gbọ́ ni pé iná náà ti kú, ó sì gbọ́ ọ. Ó sùn lóru ọjọ́ náà.

Àwa àgbà ni a tún ń béèrè ìbéèrè. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní oṣù September, 2009 ńkọ́, èyí tí wọ́n mọ̀ lára ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde, títí dé Kétu? Ó ní kì í ṣe iná. Àwọn ìlà sísán àtijọ́ wà nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀ wa, ọ̀kan gba Ifẹ̀wàrà kọjá, wọ́n sì lè yẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná Ìkògòsì ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ti iná. Òjò ló wọlẹ̀ lọ jìnnà gba ojú sísán àpáta, ó gbóná nísàlẹ̀, ó sì tún padà jáde. Lẹ́bàá omi yìí ni Rẹ́fúrẹ́ńdì John McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dá àgọ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní bíi 1952. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ síbẹ̀ rí fún ìpàgọ́ mọ bí omi náà ti rí lára.

ÀTẸ̀GÙN TÓ LÉ NÍ ẸGBẸ̀TA

Ìsinmi àárín táàmù, ní oṣù October, 2024, ni a lọ. Owó epo kò jẹ́ kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ni a fi dá owó jọ. Àwa márùn-ún ni: àwa méjèèjì, Màmá, ọmọbìnrin wa, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Fúráìdeè ni a ti kúrò ní Ìgàndò. A gba Ìyànà Ìpájà, a gba Sàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, a sì sun Àkúrẹ́. Láti Sàgámù lọ, ọmọ wa ti ń wo ojú fèrèsé pé òkúta dà? Ìgbà tí a ń sún mọ́ Oǹdó ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí a fi máa dé Ìdànrè láàárọ̀ Sátidé, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Àwọn òkè náà yí ìlú ká bí ìkòkò ràbàtà tí a dojú rẹ̀ dé, ìhòòhò òkúta látòkè délẹ̀, ilé sì dà bí páálí ìṣáná lẹ́sẹ̀ wọn.

A sanwó níbodè, wọ́n sì fún wa ní afinimọ̀nà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ìlú náà. Kí a tó gun àtẹ̀gùn, ọmọbìnrin wa lọ fi ọwọ́ pa ara òkúta. Ó ní, "Ó tutù." Ó tún wò ó dáadáa, ó rí àwọn hóró funfun tó gùn tó oríkèé ìka, tí òjò ti fọ ẹ̀gbẹ́ wọn títí wọ́n fi yọrí. Ó pè wá pé, "Ẹ wá wò ó, ẹ̀kọ tó pẹ́ nínú ìkòkò rèé!" Afinimọ̀nà wa kò mọ ohun tó ń wí.

Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Màmá ń ka àtẹ̀gùn mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n á dúró, wọ́n á mí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. A dé ibi ìsinmi kìíní láyọ̀. Ní ibi kejì, Màmá ní kí a fi róòbù sí orúnkún àwọn. Ibi kẹta ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Èémí Màmá ń já, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. A gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dání, a so ó mọ́ wọn lápá, ohun tó kọ sì ga ju èyí tí dókítà ní kí a máa rí lọ. A ní kí a fún wọn lómi. Omi dà? Gbogbo omi wa wà nínú báàgì kan ṣoṣo, báàgì sì wà lẹ́yìn ọmọkùnrin wa, ọmọkùnrin wa sì ti sáré lọ sókè láti ìgbà tí a ti kúrò ní ibi kìíní.

Ẹ̀yin òbí, ìṣẹ́jú márùndínlógún tí a fi dúró níbẹ̀ gùn ju ọ̀nà Èkó sí Àkúrẹ́ lọ. Afinimọ̀nà bọ́ bàtà, ó sáré gun òkè lọ pè é. A ń fẹ́ Màmá ní abẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àbúrò wọn sọ lórí fóònù sì ń dún létí wa. Ọ̀kan nínú wa ní kí a sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èkejì ní bí a bá ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ wọn lè yẹ̀, kí wọ́n sinmi ná. Ohùn wa ti ń lọ sókè. Màmá ló dá wa dúró. "Ẹ má fi mí ṣe ẹjọ́. Èmi kò gùn ju ibí lọ. Mo ti rí i pé ó ga."

Omi dé, Màmá mu díẹ̀díẹ̀, wọ́n jókòó sí òjìji. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, a tún wọn ẹ̀jẹ̀ náà, ó ti wálẹ̀. Afinimọ̀nà náà jókòó tì wọ́n, ó ní, "Màmá, òkè kò ní lọ síbì kankan." Màmá ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ń lọ."

Wọ́n pe ọmọbìnrin wa. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ fún àwọn pé agogo kan wà lókè tí gbogbo ìlú ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó lọ wò ó bóyá ibi agogo náà ṣì wà. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì dúró ti Màmá. Èkejì bá àwọn ọmọ lọ.

ÌLÚ TÓ WÀ LÓKÈ

Ẹni tó bá rò pé ṣóńṣó òkè ni àtẹ̀gùn náà parí sí yóò yà ní ẹnu. Ilẹ̀ títẹ́jú ni ẹ ó bá láàárín àwọn òkè mìíràn tó tún ga sí i, níbẹ̀ sì ni ìlú wà. Ó súnmọ́ 1,000 ọdún tí àwọn ará Ìdànrè fi gbé níbẹ̀. Ogun kò lè tètè gun irú ibẹ̀. Ìgbà tí ogun tán ni ìsàlẹ̀ wá ń wu àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń kó lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún 1920 sí 1935. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ilé ìwé àtijọ́ wà, kóòtù wà. Ibi agogo náà wà. Ọmọbìnrin wa ló kọ́kọ́ rí i, ó sì sáré yí i po bí ẹni pé ẹnìkan ń dúró dè é níbẹ̀. Fóònù bàbá rẹ̀ ló fi ya fọ́tò, ó yà á títí iná fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Afinimọ̀nà sọ fún wa nípa ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára òkúta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, àfi ti àjẹ́. Nígbà tí a sọ ọ́ fún Màmá lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó dára bí àwọn kò ti débẹ̀, pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú lójú ọ̀nà, wọ́n á ti pè é ní àjẹ́ fún ìyẹn.

Ohun tó gba àfiyèsí wa jù lókè ni bí òkúta náà ti ń bó. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ ó rí i tó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ìpele kọ̀ọ̀kan nípọn ju ògiri ilé lọ. Arákùnrin wa ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ṣáájú: nígbà tí ilẹ̀ tó wúwo wà lórí òkúta yìí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí ẹrù náà kúrò, òkúta mí, ó sì sán. Ìdí nìyí tí orí àwọn òkè wa fi rí róbótó. Bí ẹ bá dúró lábẹ́ irú èèpo bẹ́ẹ̀ láti ya fọ́tò, ẹ rántí pé kò tíì parí bíbó.

Ojú ọjọ́ ń ṣú bọ̀. Afinimọ̀nà ní kí a yára. Ó fi àwọn ìlà dúdú tó gùn látòkè wálẹ̀ lára òkúta hàn wá, ó ní ojú ọ̀nà omi ni, pé ohun tó dúdú níbẹ̀, ohun alààyè kéékèèké bí ewédò ni, bí omi bá sì ti kàn án, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Òjò dé kí a tó dé àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin wa rò pé òun yóò gé ọ̀nà kúrú, ó kúrò lẹ́yìn afinimọ̀nà, ó sì tẹ ìlà dúdú. A kàn rí i tó lọ ni. Ó yọ̀ tó ìdúró ènìyàn mẹ́ta kí ẹ̀ka igi kan tó hù láàárín òkúta tó gbà á dúró. Ẹ̀jẹ̀ bo orúnkún àti ìgúnpá rẹ̀. Ibi tí ì bá lọ bí kò bá sí igi náà, a kò fẹ́ kọ ọ́ síbí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n kí á sọ òótọ́, ẹ̀bi wa ni. Sílípáàsì ló wọ̀. A rí i ní ẹsẹ̀ rẹ̀ láti Àkúrẹ́, a ní kí a má bá a jà ní àárọ̀. Àwa náà ni a kó gbogbo omi sí ẹ̀yìn ẹni tó lè sáré jù.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà, wọ́n sì bá a wí débi tó tọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba fóònù. Wọ́n ní kí a fẹ̀ ẹ́ sí i. Wọ́n wo ibi agogo náà pẹ́, wọ́n yí fóònù sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n wá ní, "Níbo ni ìyá mi máa ń dúró sí níbẹ̀?" Kò sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn. Òjò ń rọ̀ sórí páànù ibi ìsinmi. A dúró níbẹ̀ títí ó fi dá, a sì di Màmá mú lápá méjèèjì sọ̀kalẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a fi sọ ohun tí àwọn ọmọdé ń sọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú.

BÍ Ẹ̀YIN NÁÀ BÁ FẸ́ LỌ

Àwọn tí a ti sọ ìtàn yìí fún ní àdúgbò ń béèrè bí àwọn náà ṣe lè lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí Ìdànrè, ẹ sùn sí itòsí, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní kùtùkùtù. Òkúta tó tutù láàárọ̀ yóò gbóná bí agbada tó bá di ọ̀sán. Kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀. Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ má lọ láìsí afinimọ̀nà, kí ẹ sì pa dà bí ojú ọjọ́ bá ṣú, bó tilẹ̀ jẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré ló kù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Àwa kò ṣe èyí, Màmá ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó rẹ̀. Bákan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀dà kọ orúkọ sára òkúta. A rí orúkọ púpọ̀ níbẹ̀, títí kan ti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, ojú sì tì wá níwájú ọmọ ìlú tó ń fi ọ̀nà hàn wá.

Fún àwọn tí Ìdànrè jìnnà sí, Adó-Àwáyè wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, níbi tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí òkè. Ẹ má bọ́ sínú omi náà, nítorí ojú adágún kò fi jíjìn rẹ̀ hàn. Èyí tó súnmọ́ wa jù ni Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí ènìyàn lè lọ láti Ìgàndò kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ó ga ní 137 mítà sókè ojú òkun, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdànrè tó ga ní bíi 914 mítà, ṣùgbọ́n gíránáìtì ni, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ ní 2006. Ẹ kọ́kọ́ béèrè níbodè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ.

Olúmọ ni ìdílé wa tún fẹ́ lọ, nígbà tí ọmọ bá gba ìsinmi. Àbúrò Màmá ti gbọ́. Wọ́n pè, wọ́n bá wa wí fún ti Ìdànrè ní kíkún, a sì gbà pé wọ́n tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè iye ènìyàn tí ọkọ̀ wa ń gbà. Màmá ní tiwọn ti ra bàtà kánfáàsì ní ọjà Ìkòtún. Aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n sì ti ń wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé.